Súnmọ́lá Tó Ń Fojú Lásán Wo Ìtọ̀ Ọmọdé

Súnmọ́lá ní òun lè dúró ní New Market, Ẹnúgu, kí òun sì rí àrùn nínú ìtọ̀ ẹni tó ń tọ̀ ní Kánò. Ó ní lọ́jọ́ kan, ìtọ̀ dìde nínú ìgò, ó kí òun: "Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá!"

Iṣẹ́ àyẹ̀wò ìtọ̀ ni ọkùnrin yìí ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Asata, ní Ẹnúgu kan náà. Wọ́n kọ́ ọ pé kó máa se ìtọ̀ lórí iná, kó lè mọ̀ bóyá kíndìnrín ọmọ ń jò. "Kí n se ìtọ̀? Ṣé ọbẹ̀ ni?" ni Súnmọ́lá máa ń wí. Á gbé ìgò sójú fèrèsé, á ṣẹ́jú, á ní, "Ó mọ́. Ẹ máa lọ." Aláǹtakùn ti bí ọmọ-ọmọ sínú àtùpà tó yẹ kó máa fi sè é.

Moríyọ̀ ń gbé ìtọ̀ Níyì, ọmọkùnrin rẹ̀, wá. Láràárọ̀ ni ojú ọmọ náà ń wú bí búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sínú tíì. Ẹ̀kọ́ ilé kò jẹ́ kí obìnrin yìí gbé ohun tó ń hó fún àgbà. Á fi ṣíbí ré ìfófòó orí ìtọ̀ náà dànù. Kò mọ̀ pé ìfófòó yẹn ni àrùn fi ń pariwo!

"Ó mọ́," ni Súnmọ́lá ń wí ṣáá. Dókítà tó ní kí Moríyọ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Ó sú Moríyọ̀.

"Bọ̀dá, ọmọ mi ń wú, ẹ ní ó mọ́! Ta ló wá ń fẹ́ ẹ bíi bọ́ọ̀lù?"

"Ìyá Níyì, ọmọ yín sanra ni. Ẹ yé bọ́ ọ jù!"

Mákindé, akọ̀wé rélúwéè, ọ̀rẹ́ Súnmọ́lá (kì í ṣe ọ̀rẹ́ nínú Olúwa o, nítorí Súnmọ́lá kì í dé ṣọ́ọ̀ṣì), ń gbé nínú àgbàlá kan náà pẹ̀lú Moríyọ̀. Ó rí Moríyọ̀ tó ń ré ìfófòó, ó sì fura pé ìtọ̀ tó ń hó bẹ́ẹ̀ kò lè mọ́. Ó gba ìgò náà, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Súnmọ́lá.

"Súnmọ́lá, sè é lójú mi."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fẹ́ tàbùkù mi? Bí nǹkan bá jáde níbẹ̀, kí Ọlọ́run bá mi wí!"

Ó tan àtùpà, ó gbé ìtọ̀ náà sórí iná. Ó kán omi kíkan díẹ̀ sínú ìtọ̀ náà. Kò pẹ́, ìtọ̀ náà funfun, ó dì bí ẹyin nínú omi gbígbóná. Àmì kíndìnrín tó ń jò nìyẹn.

Mákindé ní, "Ojú tó rí Kánò kò rí Níyì ní òpópónà kejì! Bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe ń sọ fún ọkàn rẹ pé ó mọ́. Jésù rí ohun tó wà nínú ọkàn náà, síbẹ̀ ó kú fún ọ."

Súnmọ́lá wó lulẹ̀ láàárín àwọn ìgò. "Jésù, òpùrọ́ ni mí. Dárí jì mí. Má jẹ́ kí ọmọ yẹn kú!"

Ó dìde, ó sáré lọ bá Moríyọ̀. "Ìyá Níyì, irọ́ ni mo pa! Kíndìnrín rẹ̀ ń jò!" Ó gbé ọmọ pọ̀n, ó sáré lọ sí ọsibítù, bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wọ̀. Wọ́n gba ọmọ náà sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, ọ̀rọ̀ rẹ ti sú mi! Ta ló sọ fún ọ pé o kò lẹ́ṣẹ̀? Ìwọ fúnra rẹ! Má sọ pé ó di ọ̀la. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà, jẹ́wọ́ fún Jésù lónìí, kó o sì sáré lọ tún ohun tó o bà jẹ́ ṣe.