Fíríìjì Tó Ń Sàba

Ẹ̀yin tí ẹ ó ka èyí, ẹ má rò pé àlá ni mo lá. Mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ojú mi ò fọ́, iyè mi ò sì tíì rá. Ohun tí mo fọwọ́ kàn ni mo kọ síbí. Èyí tí mi ò fọwọ́ kàn, màá sọ ẹni tó sọ ọ́ fún mi.

Ọdún 2014 tí a wà yìí ni. Mo ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá sọ́dọ̀ Fèyí ọmọ mi, ní Life Camp, l'Ábùjá. Festus lọkọ rẹ̀, ọmọ Èkìtì, òṣìṣẹ́ ìjọba. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Jọmílójú, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹ bá mi dúpẹ́ o. Bí ọmọ yẹn bá rẹ́rìn-ín, èmi náà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í rín láìmọ ohun tí à ń rín.

Jọmílójú ní ìjàpá kan. Madam ló ń pè é. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Festus ń fi ẹ̀yìn mọ́tò jáde, ó ń kánjú lọ sí ọ́fíìsì. A gbọ́ ìró kan. Kò ju ti igbá tí èèyàn tẹ̀ fọ́. Madam ni.

Ọmọ náà ò sunkún. Ó wo bàbá rẹ̀, ó wọlé. Láti ọjọ́ náà, kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Láàárọ̀ àti lálẹ́, á kúnlẹ̀ kí i, nítorí a kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n kò ní la ẹnu. Bisikíìtì tí Festus bá gbé sórí ibùsùn rẹ̀, ibẹ̀ náà ni yóò wà títí èèrà á fi bò ó. Ọkùnrin náà ń rù.

"Màmá," ó ní fún mi, "bí ọmọ mi ò bá bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé ńkọ́?"

Mo ní, "Yóò bá ọ sọ̀rọ̀." Mi ò mọ̀ bóyá yóò sọ̀rọ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, Jọmílójú rí ẹyin nínú ilẹ̀ lẹ́bàá ògiri, níbi tí Madam ti máa ń walẹ̀. Ẹyin méje, funfun, roboto. Ìjàlọ ti ń tò bọ̀. Fèyí sọ fún ọkọ rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Festus ti ra àlòkù fíríìjì kan lọ́wọ́ Saeed, ọmọ Ìlọrin tó ń ta àlòkù ẹ̀rọ lọ́jà. Wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnì rẹ̀, ihò gbayawu ló kù lẹ́yìn rẹ̀. Yàrá ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n gbé e sí, kí àwọn ẹyin náà lè pamọ nínú rẹ̀.

Festus so gílóòbù kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó gbé abọ́ omi sí i kí ooru má baà gbẹ jù, ó da yanrìn sínú abọ́ pẹrẹsẹ kan lókè fún àwọn ẹyin, ó so ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru mọ́ ara ilẹ̀kùn. Ọkùnrin tí kò lè kan ìṣó kàlẹ́ńdà! Mo ń rẹ́rìn-ín.

"Baba Jọmí, o ti di ìyá adìyẹ."

"Màmá, ẹ bá mi gbàdúrà, ẹ fi yẹ̀yẹ́ sílẹ̀."

Jọmílójú fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà sórí ẹyin kọ̀ọ̀kan, láti ení dé èje. Ó kọjú sí mi. "Màmá àgbà, o ò gbọ́dọ̀ yí i o. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí mo kà. Tó o bá yí i, á kú."

"O" ló ń bá èmi arúgbó sọ! Ọmọ Àbújá.

Ẹ wá gbọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi sin adìyẹ. Adìyẹ tó bá ń sàba, ojoojúmọ́ ló ń fi ẹnu yí ẹyin rẹ̀. Ẹyin tí a ò bá yí, ọmọ inú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ èèpo. Ta ló fẹ́ fi ìwé kọ́ mi ní ẹyin? Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, nígbà tí gbogbo wọn ti jáde, mo wọ yàrá ẹ̀yìnkùlé, mo yí méjèèje. Nọ́ńbà lọ sísàlẹ̀. Mo pa ilẹ̀kùn dé.

Kó tó di aago mẹ́ta tí ọmọ máa ń dé, mo padà lọ yí wọn sókè, kó má baà bá mi jà. Mo ṣílẹ̀kùn.

Nọ́ńbà ti wà lókè. Méjèèje. Yanrìn náà tẹ́jú, kò sí ipa ìka mi níbẹ̀.

Mo ní ogbó ni. Lọ́jọ́ kejì, mo tún yí wọn. Mo fi ọ̀já so fíríìjì náà pa, mo sì jókòó sílẹ̀, mo fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọ̀sán àdúgbò wa máa ń dákẹ́. Kò sí ọmọdé, kò sí mọ́tò. Ẹyẹ pàápàá dákẹ́. Mo ń gbọ́ èémí ara mi.

Kẹ́rẹ́.

Bí ẹni ń rọra yí òkúta wẹ́wẹ́ lórí ilẹ̀.

Kẹ́rẹ́. Kẹ́rẹ́.

Mo kà á. Ìgbà méje. Lẹ́yìn náà, ara fíríìjì gbóná mọ́ mi lẹ́yìn, bí ẹ̀gbẹ́ ẹran tó dùbúlẹ̀. Mo tú ọ̀já. Nọ́ńbà méje ń wò mí.

Mi ò yí ẹyin mọ́. Mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ni mo fẹ́ wí? Pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ní kí n má ṣe é, mo sì ṣe é?

Lóṣù kejì, iná lọ fún ọjọ́ mẹ́rin. Jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ kan, ó kú. Nígbà tí Festus ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kẹta, tààrà ló sáré lọ sẹ́yìn, ó ń pe orúkọ Olúwa. Mo tẹ̀ lé e. Gílóòbù tutù bí òkúta odò. Ó wo ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru. Ọgbọ̀n. Ibi tó yẹ kó wà gan-an.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ gbé omi gbígbóná sí i?"

"Èmi kọ́."

"Fèyí ńkọ́?"

"Fèyí ò tíì dé."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti táì lọ́rùn.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó lọ bá Saeed. Mo bá a lọ, ẹ mọ̀ pé mo fẹ́ràn ọjà. A ò tíì kíra tán tí Saeed fi bi í léèrè.

"Ọ̀gá, ṣé ó ti ń gbóná?"

Festus dúró. "Níbo lo ti rí fíríìjì yẹn?"

"Maitama."

"Nílé ta?"

Saeed bẹ̀rẹ̀ sí í fi tapólì bo ọjà rẹ̀. Oòrùn ṣì wà lókè, kò sí òjò. "Màmá, ẹ bá mi mú ọ̀gá lọlé," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé fíríìjì náà padà wá."

Nínú mọ́tò, Festus ní, "Màá jù ú nù."

"Àwọn ẹyin inú rẹ̀ ńkọ́?"

Kò jù ú nù.

Oṣù mẹ́ta ààbọ̀ pé. Láàárọ̀ Àbámẹ́ta kan, Jọmílójú figbe ta, gbogbo wa sáré lọ sẹ́yìn. Méjèèje ti pamọ. Àwọn ọmọ ìjàpá náà kéré bí páálí ìṣáná, wọ́n ń wọ́ kiri nínú yanrìn. Ọmọ náà ń fi ìka kà wọ́n. Ó yí padà, ó dì mọ́ bàbá rẹ̀.

"Daddy, ẹ ṣé."

Festus sunkún bí ọmọdé. Fèyí ń pariwo. Èmi jó, mo jó títí gèlè mi fi tú.

Nígbà náà ni Jọmílójú ní, "Daddy, kí ló dé tí ẹ kì í wo ẹ̀yìn?"

"Ìgbà wo?"

"Tí mo bá dé láti sùkúù. Tẹ́ ẹ bá jókòó síbí, tẹ́ ẹ ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀. Mo máa ń kúnlẹ̀ lẹ́yìn yín, ẹ kì í yíjú. Mo rò pé ẹ̀yin náà ń bínú sí mi ni. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ lẹ ń wá. Ìyẹn ni mo ṣe dárí jì yín."

Aago mẹ́ta ni ọmọ yẹn ń dé. Festus kì í dé kó tó di aago mẹ́fà. Èmi nìkan ló máa ń wà nílé lọ́sàn-án, nínú pálọ̀.

Festus wò mí. Mo wò ó.

"Mi ò bínú," ó ní fún ọmọ rẹ̀. "Mi ò fẹ́ kí ọwọ́ mi yẹ̀ ni."

Nígbà tó ku àwa méjì, mo ní kó lọ sọ òtítọ́.

"Màmá," ó ní, "bí mo bá sọ ọ́, ta ni yóò wá jẹ́ bàbá rẹ̀?"

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà o. Àwọn ìjàpá ń jẹ ewé lábẹ́ ògiri. Ọmọ ń bá bàbá rẹ̀ ṣeré, ilé dùn. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé láti sùkúù, yàrá ẹ̀yìnkùlé ló kọ́kọ́ ń yà sí. Mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti pálọ̀. Á sọ̀rọ̀, á dákẹ́ díẹ̀, á tún sọ̀rọ̀.

Lálẹ́ àná, a ń jẹun. Ó ní, "Daddy, mo ti ronú sí ohun tẹ́ ẹ sọ fún mi lọ́sàn-án. Mo gbà."

Festus gbé òkèlè ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ó dáa, ọmọ mi," ó ní.

Kò tíì bi í pé kí ló gbà.