Àwọn Ojú Tí Kàsímù Kó Wá

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Bàbá Gbádéyan ṣì wà láàyè, ó ṣì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láti Odigbó dé oko kòkó rẹ̀ lọ́nà Àgọ́ Aláyè. Ìyá Hannah, ìyàwó rẹ̀, wà láàyè, eyín ẹnu rẹ̀ pé. Ọ̀gá Sùlèímọ̀n tó ń tún mọ́tò ṣe ní Orè náà wà láàyè. Àwọn ṣọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìjọba padà ni. À ń tò fún ìrẹsì, à ń tò fún ọṣẹ, à ń tò fún mílíìkì, bí ìlà bá sì wọ́, ṣọ́jà á ní kí àgbàlagbà máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́.

Dúródọlá ni ọmọ Bàbá Gbádéyan àti Ìyá Hannah, ọmọ ọdún méjìlélógún. Òun ló ń ṣáájú orin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ní ọjọ́ Àìkú kan, òun àti bàbá rẹ̀ ń bọ̀ láti Òkìtìpupa, mọ́tò tí wọ́n wọ̀ sì dákẹ́ sí Orè, wọ́n tì í dé iwájú ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Sùlèímọ̀n. Bàbá rẹ̀ jókòó sábẹ́ igi, ó sùn lọ.

Ibẹ̀ ni Dúródọlá ti gbọ́ orin kan láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Orin náà bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá ń rẹ ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Lójijì ni jìtá han goooro, ìlù ya bo orin, ọkùnrin kan sì figbe ta bí ẹni tí ẹ́ńjìnnì já lù lẹ́sẹ̀. Ọmọbìnrin náà sáré lọ wò ó.

Kò sẹ́ni tí nǹkan já lù. Ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin ló bá níbẹ̀. Victor, tíṣà, ló ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ kọrin. Yínká ń ta jìtá ńlá tó ń kùn nísàlẹ̀ bí àgbà tí wọn kò fún lẹ́ran. Kwésí, ọmọ Gánà, ń lu ìlù tí wọ́n fi agbá epo ṣe. Ẹni tó ń ké náà ni Kàsímù, ọmọṣẹ́ Ọ̀gá Sùlèímọ̀n. Bátìrì ọkọ̀ àjàgbé ló ń gbé ohùn wọn jáde. Okùn jìtá kò sí lọ́jà mọ́ láti ìgbà tí nǹkan ti le, wáyà búréèkì kẹ̀kẹ́ ni Kàsímù tú tó nà sórí jìtá tirẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà ní orí ìka rẹ̀.

Dúródọlá ní, “Kí ló ń dùn yín tí ẹ fi ń ké báyìí?”

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Kàsímù kò rẹ́rìn-ín. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò.

“Ó ti pé ọdún kan tí a ti ń kọrin níbí. ‘Ẹ dákẹ́’ ni gbogbo ayé ń sọ fún wa. Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó bèèrè ohun tó ń dùn wá.”

“Mi ò tíì gbọ́ èsì.”

“Ó pọ̀. Jókòó.”

“Arábìnrin, má jókòó o!” Kwésí ló sọ bẹ́ẹ̀. “Bó bá bẹ̀rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ẹ á já kó tó parí.”

Dúródọlá jókòó sórí táyà. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ kò ti sí ní Odigbó mọ́.

Ẹgbẹ́ Oríta ni wọ́n ń pe ara wọn. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú kejì-kejì, Dúródọlá á jáde ìsìn, á ní òun ń lọ kọ́ àwọn ọmọdé Aráròmí-Obù lórin. Orè ló ń lọ. Inú ìyá rẹ̀ a máa dùn, a máa wí fún àwọn ìyá ìjọ pé, “Ọmọ tèmi kì í ṣe ti ara rẹ̀, ti Olúwa ni.” Bí Dúródọlá bá gbọ́ ọ, ara rẹ̀ á bù máṣọ, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ti kó sí i lẹ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ kan Kàsímù bi í pé, “Dọlá mi, bí mo bá ń ké, ṣé kì í dùn ọ́ létí?”

“Ó ń dùn mí.”

“Kí lo wá ń wá ṣe?”

“Tí o bá ké tán, ojú rẹ a máa dà bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Ojú yẹn ni mò ń wá wò.”

Kàsímù di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Kàsímù kò ní ẹbí. Orí ìkúnlẹ̀ ni ìyá rẹ̀ kú sí, awakọ̀ ni bàbá rẹ̀, ọ̀nà Bìní ló gbé e lọ. Nígbà tó tó àkókò láti wá tọrọ ọmọ, Ọ̀gá Sùlèímọ̀n ló ṣáájú, àwọn ẹlẹgbẹ́ Kàsímù mẹ́ta sì tẹ̀ lé e: Victor, Yínká, Kwésí. Bàbá Gbádéyan kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ẹ̀sìn. Ohun kan ṣoṣo ni wọn kì í fi ṣeré nílé wọn: ojú tó bá kọ́kọ́ wá tọrọ ọmọ ni ojú tó gbọ́dọ̀ padà wá gbé e. Àwọn ni onídùúró. Bí ìyà bá jẹ ọmọ lọ́la, àwọn la óò pè.

Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pe orúkọ wọn. “Mo ti mọ̀ yín. Tí a bá kórè kòkó ọdún tó ń bọ̀ tán, ẹ̀yin náà ni kí ẹ padà wá.”

Ayọ̀ pọ̀ lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó rò pé ìjọba máa dá sí i.

Nínú oṣù Karùn-ún, ọdún 1985, wọ́n ní kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé kúrò nílùú. Kwésí gbé báàgì rẹ̀, ó fi ìlù sílẹ̀. Kò pẹ́ ni wọ́n já Victor kúrò níṣẹ́ tíṣà, ebi sì lé e wọ iṣẹ́ ṣọ́jà, wọ́n gbé e lọ sí Kàdúná. Yínká nìkan ló kù. Wọ́n wá Adébóyè sí ìdí ìlù, Oyin sì gba ipò Victor. Orin yí padà. Oyin kò lóhùn pẹ̀lẹ́, ohùn tirẹ̀ dà bí ẹni ń gé pákó, ṣùgbọ́n bí òun àti Kàsímù bá jọ ké, àwọn awakọ̀ gárééjì á dúró wò.

Dúródọlá mọ̀ wọ́n bí ẹní mowó. Òun ló ń ra bọ̀ọ̀lì fún wọn. Adébóyè á jẹ tirẹ̀ tán, á tún na ọwọ́ sí ti ọmọbìnrin náà.

“Ìyàwó wa, ẹni tó ń lùlù ló ń ṣiṣẹ́ jù.”

“Ọ̀jẹun! Ìyàwó tìẹ ńkọ́?”

“Tèmi ò tíì dáná.”

Nígbà tí kòkó wọlé tán, nínú oṣù Kejìlá, Kàsímù kó wọn padà lọ sí Odigbó. Bàbá Gbádéyan wo Ọ̀gá Sùlèímọ̀n, ó wo Yínká, ó wo àwọn méjì yòókù títí.

“Àwọn wo nìyí?”

Ọ̀gá Sùlèímọ̀n ní, “Bàbá, ẹ forí jì wá. Ìjọba ló lé ọ̀kan lọ, ìjọba náà ló sì gba ìkejì. Ẹgbẹ́ kan náà ṣì ni.”

“Ẹgbẹ́ kan náà wo? Ọdún kan péré, ẹni méjì ti lọ nínú mẹ́ta. Ẹni tí kò lè pa ọ̀rẹ́ mẹ́ta mọ́ sójú kan, ṣé obìnrin ló máa pa mọ́?”

Adébóyè fi ọwọ́ bo ẹ̀rín. Ìyá Hannah fi ojú burúkú wò ó.

Bàbá Gbádéyan wá yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Dúródọlá, ìwọ lò ń lọ ilé ọkọ. Tí o bá mọ àwọn méjì yìí, tí o lè jẹ́rìí wọn lójú gbogbo wa, èmi yóò kà wọ́n mọ́ ti àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ á sì parí lónìí. Ṣé o mọ̀ wọ́n?”

Ìyá rẹ̀ jókòó sápá ọ̀tún rẹ̀, ó de gèlè tó ń dè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ó bá ní òun mọ̀ wọ́n, wọn á bi í pé níbo. Kí ni yóò sọ? Pé kò sí ọmọdé kankan tó ń kọ́ lórin ní Aráròmí-Obù? Pé gárééjì ni òun ti ń ṣe ìsìn láti ọdún kan ààbọ̀?

Ó wo ilẹ̀. “Rárá, Bàbá. Mi ò mọ̀ wọ́n rí.”

Títí di òní, Dúródọlá kò lè ṣàlàyé bí ojú Kàsímù ṣe rí. Kò gbójú sókè wò ó.

Bàbá rẹ̀ ní kí wọ́n máa lọ títí ojú àkọ́kọ́ yóò fi pé. Dúródọlá sáré bá wọn ní ìdí ọkọ̀.

“Kàsímù, ẹ̀rù ló bà mí.”

“Mo mọ̀, Dọlá mi.”

“Màá sọ fún wọn. Màá sọ ọ́ lọ́la.”

“Má ṣe wàhálà. Bàbá rẹ ní ojú àkọ́kọ́ ni òun fẹ́. Màá lọ kó àwọn tí o mọ̀ wá.”

Kò pariwo sọ ọ́. Ìbá sàn fún Dúródọlá ká ní ó pariwo. Adébóyè ló yọjú láti inú ọkọ̀: “Ìyàwó wa, ta ló wá fún mi ní gbogbo bọ̀ọ̀lì tí mo jẹ?” Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ náà ni òun àti Oyin fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Oríta ku ẹni méjì, ẹni méjì kò sì tó ẹgbẹ́.

Ọ̀la tí Dúródọlá dá kò dé. Bó bá ti fẹ́ la ẹnu, ìyá rẹ̀ á tún ti máa fi í yangàn.

Kàsímù lọ bá Victor ní Kàdúná. Victor ní ó dìgbà tí wọ́n bá fún òun láyè. Wọ́n ti ti bọ́dà nígbà náà, oṣù Kẹta ọdún 1986 ni wọ́n tó ṣí i, Kàsímù sì gba ibẹ̀ kọjá lọ wá Kwésí. Iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ló rán, láti ẹnu awakọ̀ kan: “Ẹ sọ fún Dọlá pé mo ń bọ̀. Kí ó dúró dè mí.” Lẹ́yìn náà, kò sí ohùn, kò sí lẹ́tà. Oṣù mẹ́rin, oṣù mẹ́fà, oṣù mẹ́sàn-án.

Ọdún náà ni ìjọba yọ ọwọ́ kúrò nínú ríra kòkó, tí àwọn tó ń rà á sì kún oko. Ọlọ́runbùnmi wà lára wọn. Ó rí Dúródọlá níbi tó ti ń sá kòkó. Kì í ṣe èèyàn búburú, ìyẹn gan-an ló mú ọ̀rọ̀ náà nira. Ó kó àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀mejì, ojú kan náà.

Bàbá Gbádéyan pe ọmọ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀. “Ṣé kí a ṣì dúró?”

Dúródọlá rò ó pé Kàsímù ti gbàgbé. Ó tún rò ó pé, ọkùnrin tí òun sẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níṣojú rẹ̀, kí ni yóò padà wá fi òun ṣe? “Ẹ gbà wọ́n, Bàbá.”

Oṣù Kìíní ọdún 1987 ni wọ́n so òun àti Ọlọ́runbùnmi pọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà lẹ́yìn náà, Kàsímù wọ Odigbó. Ọ̀gá Sùlèímọ̀n ló ṣáájú. Victor wọ aṣọ ṣọ́jà, Yínká tẹ̀ lé e, Kwésí sì gbẹ bí igi, ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù ni Kàsímù ti rí i, Kàsímù fúnra rẹ̀ sì ń tún mọ́tò ṣe lójú ọ̀nà kí ó tó rí owó wọkọ̀ dé ibẹ̀. Gbogbo wọn pé. Ìyá Hannah ló jáde sí wọn.

Nígbà tí Dúródọlá gbọ́, ó bi ìyá rẹ̀ pé, “Kí ló wí?”

“Ó bèèrè bóyá ọkọ rẹ ń tọ́jú rẹ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n kí ọ.”

“Kò sọ nǹkan mìíràn?”

“Ó mu omi.”

Wọ́n kọrin lẹ́ẹ̀kan sí i ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó túká. Àwọn tó gbọ́ ọ ní Victor fi ohùn pẹ̀lẹ́ rẹ̀ kọrin dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tó kan ibi igbe, Kàsímù dúró lásán, ìlù nìkan ló ń lọ. Ó bá Kwésí padà sí Gánà. Ìròyìn tó dé kẹ́yìn ni pé ó ti ní ìyàwó, ó ní ọmọ, ó ní ṣọ́ọ̀bù. Kò ta jìtá mọ́.

Dúródọlá bí ọmọ mẹ́rin fún Ọlọ́runbùnmi. Kò ṣẹ ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ kò sì ṣẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n àbámọ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn sinmi nínú ara rẹ̀.

Ní ọdún 1994, nígbà tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ epo daṣẹ́ sílẹ̀, tí mọ́tò kò sí lọ́nà, àìsàn dá Bàbá Gbádéyan dùbúlẹ̀. Kò sí epo tí wọ́n máa fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dúródọlá ti ilé ọkọ wá tọ́jú rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, ó ń fi aṣọ tútù nu ọrùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

“Bàbá, mo mọ̀ wọ́n.”

“Àwọn wo?”

“Àwọn méjì tí Kàsímù kó wá. Adébóyè àti Oyin. Mo purọ́ fún yín.”

Bàbá rẹ̀ yí orí sí i. “Mo mọ̀ pé o mọ̀ wọ́n.”

Ọwọ́ Dúródọlá dúró.

“Mo lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan ní Orè lọ́jọ́ Àìkú kan. Mo rí ọ láàárín wọn, bọ̀ọ̀lì wà lọ́wọ́ rẹ, ò ń rẹ́rìn-ín. O ò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ nílé mi rí.”

“Kí ló dé tí ẹ tún fi bi mí?”

“Kí o lè sọ ọ́ ni. Ayé le nígbà náà. Mo ní bí ọmọ mi bá lè dúró ní gbangba sọ pé òun mọ èèyàn wọ̀nyí, á lè dúró ti ọkọ rẹ̀ nígbà tí ebi bá dé. Mo ti fẹ́ gbà wọ́n, kí ìyá rẹ máa bínú lọ.”

“Bàbá, ẹ ò sọ fún mi.”

“Ìwọ náà ò sọ fún mi.” Ó mí kanlẹ̀. “A jọ ṣì í ni, ọmọ mi. Kò yẹ kí n fi ìyẹn dán ọmọ wò.”

Dúródọlá gbé orí lé etí bẹ́ẹ̀dì, ó sunkún. Bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ kàn án lórí, ó sì wo ojú fèrèsé.

“Òjò ń bọ̀. Lọ kó kòkó yẹn wọlé, kó má baà hu.”

Ó jáde. Ojú ọ̀run ti ṣú ní apá Agbábù. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì wọ́ kòkó jọ, ó ń kó o sínú apẹ̀rẹ̀. Kò tíì kó ìdajì tí ó fi gbọ́ igbe ìyá rẹ̀ láti inú ilé. Ó dúró pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́, òjò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sórí èyí tó kù nílẹ̀.