Mítà Ara Ẹ̀rọ Ìkéde Òkú

Iná ti lọ ní gbogbo abúlé wa lẹ́bàá Tántà ní Íjíbítì láti àárọ̀, síbẹ̀ nọ́ńbà ojú mítà náà ń gòkè.

Èmi ni mo so ó. Ṣẹhátà, tó máa ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kéde òkú káàkiri, ló gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn rẹ̀ wá sí ìsọ̀ àtúnṣe mi, ó ní bátìrì máa ń kú mọ́ òun lẹ́nu kí òun tó pe orúkọ olóògbé tán. Mo so mítà kékeré mọ́ wáyà tí bátìrì fi ń gba iná, pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú. Ẹ jẹ́ kó yé yín: mítà kì í fi iná kún bátìrì. Kó wo èyí tó wà níbẹ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀.

“Ọ̀gá Rífáátì,” ni Ṣẹhátà wí jẹ́ẹ́jẹ́ nígbà tó padà wá bá mi, “n ò so ó mọ́ iná kankan o. Ẹ̀gbẹ́ Násímà ni mo gbé e sí.”

Násímà ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Mo tẹ̀lé e délé. Ọmọ náà nà sórí ẹní, ètè rẹ̀ ti funfun. Bí nọ́ńbà bá ti gòkè, èémí rẹ̀ á kúrú sí i. Mo ní kí n tú wáyà. Bí mo ti fọwọ́ kàn án, ọmọ náà ké. Mo fi í sílẹ̀.

Ṣẹhátà wá jẹ́wọ́ pé kìkì ìgbà tí òun bá pe orúkọ òkú sínú ẹ̀rọ náà ni nọ́ńbà ń wálẹ̀, tí ara ọmọ á sì yá. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò kú lọ́sẹ̀ yẹn.

Ṣẹhátà wo ìyá tó bí i, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń ṣa òkúta inú ìrẹsì. Lọ́dọ̀ wa, a kì í pariwo orúkọ abilékọ síta. Orúkọ ọkọ àti ti ọmọ la fi ń kéde rẹ̀. Ṣẹhátà gbé maíkì sẹ́nu.

“Ìyá Ṣẹhátà, opó Àlàájì Abdulmawjúdù, ti papòdà.”

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. “Ikú mi lo fi ń dánra wò, àbí? Ó dáa, ní kí wọ́n kó àga wá.”

Nọ́ńbà já wálẹ̀. Násímà dìde, ó ní ebi ń pa òun. Mo gbé abọ́ ẹ̀wà àti ṣíbí fún un. Nígbà tí mo yíjú padà, Ṣẹhátà ti ṣubú, kò mí mọ́.

Ẹ rò ó wò. Orúkọ méjì péré ló wọ inú ẹ̀rọ náà, ẹni tó ni ọ̀kan sì ti kú tipẹ́.

Ìyá rẹ̀ ò sunkún. Ó yọ maíkì kúrò lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, nítorí òkú gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò kéde rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọmọ tí ọkùnrin bí la fi ń kéde òun náà.

“Ṣẹhátà ọmọ Abdulmawjúdù,” ló wí, “bàbá Násímà...”

Mo fò mọ́ maíkì náà. Ó ti pe orúkọ ọmọ náà tán.

Lẹ́yìn mi, ṣíbí já bọ́ lọ́wọ́ Násímà.