Ọwọ́ Tó Ń Fa Ìyá Aránṣọ

Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì ojú Ìyá Aránṣọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ nìwọ̀nyí: dókítà ojú, nọ́ọ̀sì tó gbé abọ́ òwú dání, àkọ́bí Ìyá lóbìnrin, ìyàwó ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí gbogbo ilé ń pè ní Adúmáadán. Kò sí ẹlòmíì. Síbẹ̀, ẹnìkan ti fa Ìyá lọ́wọ́ wọlé, ó sì ti rọra mú un jókòó sórí àga.

Báńdéèjì kúrò. Ìyá rí fèrèsé. Ó rí fọ́nrán òwú kan lára ẹ̀wù nọ́ọ̀sì, ó nawọ́, ó ṣà á kúrò.

"Ìyá, ẹ ò tíì kí wa, ẹ ti ń tún ẹ̀wù ẹni ẹlẹ́ni ṣe!" ni ọmọ rẹ̀ wí.

Ìyá ò dá a lóhùn. "Dókítà, níbo lẹ ti rán ojú mi?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. "A ò rán nǹkan kan, Ìyá. Ibi tí a là ò ju hóró ìrẹsì lọ. Dígí tí a fi sínú ojú yín rọ̀. A ká a bí ewé, a tì í gba ibẹ̀, nígbà tó dé inú, ó tẹ́ ara rẹ̀. Láyé ọjọ́un, líle ni. Ibi tí a là fún un máa ń fẹ̀, a sì ní láti rán an."

Ìyá mirí. "Iṣẹ́ tí kò ní ojú abẹ́rẹ́! Ọ̀gá mi lẹ jẹ́."

Ó wá yíjú. "Ẹni tó ń fà mí lọ́wọ́ dà? Mo fẹ́ wo ojú ẹ̀ kí n dúpẹ́."

Ọmọ rẹ̀ wo ìyàwó ilé. "Ṣé ìwọ kọ́ ni?"

"Ẹ̀yin ni mo rò pé ó jẹ́, Ẹ̀gbọ́n."

Láti ìgbà tí ojú Ìyá ti funfun, kálukú rò pé ẹnì kejì ló ń fà á lọ sẹ́yìnkùlé láràárọ̀. Wọn ò bèèrè, kó má baà dà bíi pé wọ́n ń ṣọ́ ara wọn.

Ìyá rántí ọwọ́ náà: ó tutù, àtàǹpàkò rẹ̀ le nítorí àlùmọ́gàjí, ó ń rùn bí epo máṣíìnì. Ó pa ojú tuntun náà dé. Nínú òkùnkùn ojú kejì tí wọn ò tíì ṣe, ọwọ́ náà bọ́ sínú tirẹ̀. Ó lajú: àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ṣùgbọ́n lẹ́bàá ilẹ̀kùn, arúgbó kan ń tá ràrà lára ògiri, ẹyinjú rẹ̀ funfun báláú.

Ìyá tó bí i ni. Ìyá tó kọ́ ọ níṣẹ́ aṣọ, tí ojú rẹ̀ fọ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì ní dígí tí wọn yóò fi sí i, tí Ìyá Aránṣọ fúnra rẹ̀ fà lọ́wọ́ títí ó fi kú. Afọ́jú ló ń fa afọ́jú láti ọjọ́ yìí, ẹsẹ̀ Ìyá ò sì kọ lẹ́ẹ̀kan rí.

"Ṣé ká ṣe èkejì, Ìyá?" ni dókítà bi í.

Ìyá tún wo ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Bí méjèèjì bá là, ọwọ́ náà ò ní rí òkùnkùn wọ̀ mọ́. Bí kò bá là, arúgbó yẹn ò ní yéé tá ràrà nítorí òun.

"Ẹ ṣe é," ó ní. "Ẹni tó fà mí dé ibi ìmọ́lẹ̀, kò yẹ kí n fi òkùnkùn dè é mọ́lẹ̀."

Ó wá fẹnu kan etí ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó rọ ohùn wálẹ̀: "Adúmáadán, lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú ojú kejì, dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bí ọwọ́ tútù kan bá kan tìẹ, má fa tìẹ sẹ́yìn, má sì wo ẹni tó ni ín. Rọra mú un jáde sí gbangba, kó o máa sọ ibi tí àtẹ̀gùn wà fún un."