Ohun Tó Wà Nínú Ìyálé

Wọ́n pe Ìyá Fídíò ní òpùrọ́ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, nínú ilé ara rẹ̀. Ọkùnrin tó ń bá a tún kọ̀ǹpútà ṣe ló pè é bẹ́ẹ̀, kò sì kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ṣojú ẹni méjì, kò sì sí èyí tó mutí nínú wọn. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó fi sílẹ̀.

Iṣẹ́ Ìyá Fídíò ni kó máa gé fídíò, kó máa tò ó pọ̀ lórí láptọ́ọ̀pù. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ojú ló fi kọ́ ọ, àti orí fífọ́. Láptọ́ọ̀pù rẹ̀ kò láyè nínú, nítorí náà dúráìfù méjì ló ń fi wáyà so mọ́ ọn. Ó lẹ bébà mọ́ wọn lára. Èyí tó yára, tó ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ó kọ Ìyàwó sí i. Èyí tó tóbi, tó ń wọ́ ẹsẹ̀, tó ń tọ́jú ẹ̀dà gbogbo nǹkan, ó kọ Ìyálé sí i. Òfin kan ṣoṣo ló ní: kò gbọdọ̀ pa ohunkóhun rẹ́ lára Ìyàwó àfi tó bá ti wà lọ́wọ́ Ìyálé.

Òun fúnra rẹ̀ ló rú u. Iṣẹ́ ìgbéyàwó kan dé tìkánjútìkánjú, Ìyàwó sì ti kún dé ọrùn, fídíò ìyá rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ó wo inú Ìyálé, ó rí fódà tó kọ "Màámi" sí. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kò ṣí i wò. Ó nu Ìyàwó mọ́ tónítóní, ó da ìgbéyàwó sínú rẹ̀. Ọjọ́ kẹta ló tó ṣí fódà náà. Òfìfo ni. Ó dá fódà sílẹ̀ nígbà kan, àmọ́ kò rántí da nǹkan sí i.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí ìyá wọn fi sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni fídíò yẹn. Òkèèrè ni ẹ̀gbọ́n wà nígbà tí Màámi kú. Ìyá Fídíò ló dúró nídìí kámẹ́rà. Èyí tó ń tì í lójú jù nìyí: nígbà tí Màámi ń sọ̀rọ̀, bátìrì kámẹ́rà ló ń wò. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní òun á gbọ́ ọ tó bá yá, lórí láptọ́ọ̀pù.

Ẹ̀gbọ́n wá dé, ó ní kó gbé fídíò náà wá. Ìyá Fídíò ní, "Atúnkọ̀ǹpútàṣe ló bà á jẹ́." Ẹ̀gbọ́n ránṣẹ́ pe ọkùnrin náà.

"Mà, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín nù ún," ọkùnrin náà wí. "Ìgbà tẹ́ ẹ gbé dúráìfù yín wá fún mi, ṣebí mo sọ fún yín pé ẹ ti da ìgbéyàwó lé e lórí."

"Ta lò ń pè lópùrọ́?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Ẹ má bínú."

"Jáde nílé mi."

"Màá jáde. Àmọ́ dúráìfù ò mọ ẹni tó jẹ́ àgbà o. Ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, á rojọ́ fúnra rẹ̀."

Ó lọ. Ẹ̀gbọ́n dìde, ó lọ bu omi mu.

Ìyá Fídíò sáré so Ìyálé mọ́ láptọ́ọ̀pù. Ó fẹ́ pa fódà òfìfo yẹn rẹ́ kí ẹ̀gbọ́n tó padà. Ìyálé kùn díẹ̀, bó ṣe máa ń kùn. Ó tẹ "Màámi".

Fáìlì kan wà níbẹ̀.

Ó ṣí i. Màámi jókòó sórí àga rẹ̀, ọwọ́ lórí itan. Kò sọ̀rọ̀. Ó dà bí ẹni tó tẹ́tí sí nǹkan. Fáànù yàrá ṣì ń yí lókè, àmọ́ kò dún mọ́. Ohùn kan wá jáde látinú láptọ́ọ̀pù.

"Atúnkọ̀ǹpútàṣe ló bà á jẹ́."

Ohùn Ìyá Fídíò ni.

Màámi gbójú sókè. "Ṣé òun ló bà á jẹ́?"

Ìyá Fídíò fa wáyà yọ. Fídíò kò dúró. Ó gbé Ìyálé sọ́wọ́. Ó gbóná, ó ṣì ń kùn, bẹ́ẹ̀ ni kò so mọ́ nǹkan kan. Iye ìṣẹ́jú tó kù lábẹ́ àwòrán náà kò dín. Ńṣe ló ń pọ̀ sí i.

"Ọmọ mi. Ṣé òun ló bà á jẹ́?"

Ẹsẹ̀ dún lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, ife omi lọ́wọ́. Ó rí wáyà tó ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Ó rí ẹni tó wà lójú láptọ́ọ̀pù. Ó rọra gbé ife sílẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ síbi tó wà.

"Ẹ káàsán, Màámi."

"Tìrẹ ń bọ̀," Màámi wí. Kò gbójú kúrò lára àbúrò.

Ìyá Fídíò fẹ́ pa láptọ́ọ̀pù dé, ọwọ́ rẹ̀ kò gbéra. Ìṣẹ́jú ń pọ̀ sí i.

"Wọ́n bi ọ́ léèrè," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí láti ilẹ̀. "Dá wọn lóhùn."