Koríko Tútù Tí Ẹran Ìgbẹ́ Kò Jẹ

Nígbà tó fi di ọjọ́ kejìdínlógún tí a dáná sun abala kẹrin, koríko tútù ti yọ níbẹ̀, ó ti ga tó ìka ọwọ́, àmọ́ ẹran kan ò tíì fẹnu kàn án.

Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Pápá ìjọba tí wọ́n ń tọ́jú ẹran ìgbẹ́ sí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo ń ka ẹran. Ọdún kẹsàn-án mi rèé lẹ́nu ẹ̀, mo mọ bí wọ́n ṣe ń yan ibi tí wọ́n máa jẹ. Koríko àgbà le, kò dùn, kìnnìún sì lè lúgọ sínú ẹ̀. Ibi tí iná bá ti jó, koríko ibẹ̀ á rọ̀, ojú á sì ríran jìnnà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń jó pápá náà ní abala abala. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń sọ pé ẹran ìgbẹ́ gbọ́n jù wá lọ, pé wọn kì í jẹun níbi tí wọn ò ti ní rí ẹni tó fẹ́ jẹ wọ́n. Abala kìíní, ìkejì àti ìkẹta, àgbọ̀nrín àti ẹfọ̀n ti jẹ wọ́n mọ́lẹ̀ bí orí tí wọ́n fá. Tó bá kan ìkẹrin, wọ́n á wá dé etí ibi tí èérú ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á kọjú sí àárín. Ẹ̀rù ò bà wọ́n. Wọ́n kàn dúró ni.

Ọ̀gá wa ní kí n wádìí ohun tó ń ṣe ilẹ̀ náà. Àárọ̀ mẹ́jọ ni mo fi rìn ín já, èmi àti ìwé mi, mi ò rí nǹkan kan kọ. Òórùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ńlá tí ẹranko kan gbẹ́ sídìí kùkùté. Mo ní eku tí iná pa ni. Mi ò bẹ̀rẹ̀ wo inú ihò náà.

Ẹ̀gbọ́n mi tí mo ń wí yìí, láti ọjọ́ tí a dáná náà la ò ti rí i mọ́. Ibi iṣẹ́ kan náà ni àwa méjèèjì wà. Òun àti ìyàwó rẹ̀ jà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó sì ní òun á kó lọ sílùú ńlá, kí obìnrin náà máa dá ilé gbé. Gbogbo èèyàn bá gbà pé ó ti lọ nìyẹn. Ọ̀gá ní àgbàlagbà tó bínú kúrò nílé, ebi á lé e padà. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni ò gbà. Ojoojúmọ́ ló ń wá sí ọ́fíìsì wa, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á gbé báàgì lé itan. Kò bèèrè ju ẹyọ kan lọ: ṣé ọkọ kọ òun ni, àbí nǹkan ló ṣe é? Ó ní èyíkéyìí tó bá jẹ́, kí n ṣáà wí i, òun á gbà á bẹ́ẹ̀.

Mo ní mi ò mọ̀.

Òfin kan wà níbi iṣẹ́ wa. Ẹni tó bá wọ inú koríko lọ yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó dáná, ó gbọ́dọ̀ fi fìlà rẹ̀ kọ́ òpó tó wà létí abala náà. Tó bá jáde, á mú un. Ẹni tí ìṣáná wà lọ́wọ́ rẹ̀, òpó ló ń wò. Ẹ̀gbọ́n mi sì jẹ́ onígbàgbé, àìmọye ìgbà ni mo ti bá a mú fìlà yẹn lọ sílé. Lọ́jọ́ náà, oòrùn mú. Mo rí fìlà lórí òpó, mo ní bàbá yìí tún ti gbàgbé, mo yọ ọ́, mo dé e sórí ara mi. Ọ̀gá dé, ó wo òpó, ó ṣáná. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Mi ò sunkún. Oúnjẹ ò dùn lẹ́nu mi, kò sì korò. Mo ń sọ fún ara mi pé ó ti gba òdìkejì jáde.

Lọ́jọ́ kejìdínlógún yẹn, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní òun á bá mi débẹ̀. Akọ̀wé mi ló ń pè mí láti ìgbà tó ti wọlé wa, nítorí ìwé tí kì í wọ́n lọ́wọ́ mi. A débẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀. Àwọn ẹran ti tò sétí èérú. Ó wò wọ́n títí, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó rìn lọ sí àárín, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ pe ọkọ rẹ̀ bí ẹni ń jí i lójú oorun.

"Bàbá ọmọ mi. Ṣé ibí lo wà?"

Àgbọ̀nrín kan gbẹ́sẹ̀ sórí èérú. Òmíràn tẹ̀ lé e. Kí n tó mira, gbogbo wọn ti wọlé, wọ́n ti dorí kodò, mo ń gbọ́ bí koríko ṣe ń já lẹ́nu wọn. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bíi pé mi ò sí níbẹ̀. Wọ́n jẹ ẹ́ lọ títí dé ìdí kùkùté, wọ́n yí ihò náà ká, wọ́n sì yà fún obìnrin náà kó kọjá. Ó kúnlẹ̀, ó tẹ orí sí ẹnu ihò. Ó tẹ́tí sí i. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí, tó ń ṣe "hẹn, hẹn", bó ṣe máa ń dá ẹ̀gbọ́n mi lóhùn tí wọ́n bá ń jẹun alẹ́.

Nígbà tó padà wá bá mi, eékún rẹ̀ dúdú fún èérú. Kò sunkún. Mo la ẹnu láti sọ ohun tí mo ṣe. Ó ní òun ti gbọ́ ọ.

"Akọ̀wé mi," ó rọra wí, "ó ní àárọ̀ mẹ́jọ lòun fi ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ lórí òun. Ó ní kí n bi ọ́ pé kí ló dé tí o ò pe òun."

Wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi jáde nínú ihò náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Dókítà ní èéfín ló pa á, ọjọ́ iná náà gan-an, kò tiẹ̀ tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ní kó tún un sọ, ó tún un sọ. Mo wá bi í bóyá òkú lè máa gbọ́ ẹsẹ̀ èèyàn. Ó wò mí, ó ní kí n lọ sinmi.