Ẹ Má Hú Koríko Ọgbà Ilé-Ìwé Tán

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan ní Adó-Èkìtì, ní nǹkan bí ọdún 1978, inú Ọ̀gbẹ́ni Bámgbóyè, ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lẹ́sẹ̀ òkè, ń dùn ṣìnkìn. Àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀. Àwọn ọmọ ti fi ọkọ́ ha gbogbo ọgbà, koríko kan ṣoṣo kò ṣẹ́ kù. Lójú tirẹ̀, ìmọ́tótó náà nìyẹn, ọ̀lẹ ló ń fi koríko sílẹ̀.

Òjò ńlá rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Bí Bámgbóyè ti dé ilé-ìwé láàárọ̀ Ajé, Monínúọlá, ọmọ kíláàsì kìíní, sáré pàdé rẹ̀.

"Tísà, ulé ti là."

Òótọ́ ni. Àgbàrá ti wọ́ ilẹ̀ lọ nídìí kíláàsì àwọn ọmọ kékeré. Ìpìlẹ̀ yọ síta, ògiri sì là dé ojú fèrèsé. Bámgbóyè fọwọ́ kan ògiri náà. Ó ní bí wọ́n bá ti kíláàsì yìí pa, ilé-ìwé tó wà lódì kejì títì ni àwọn ọmọ náà yóò máa lọ.

"Níbi tí lọ́rì ti ń sáré yẹn, Ọ̀gá? Ta ni yóò máa mú wọn sọdá?" Míìsì Olúyẹ́misí, olùkọ́ wọn, ló bi í. Omi ti lé sí i lójú.

Ọjọ́ náà gan-an ni Ọ̀gbẹ́ni Àkíbù, wolé-wolé àdúgbò, yà wọlé. Ó wo ògiri, ó wo ilẹ̀, ó mirí.

"Ọ̀gá, ta ló hú koríko yín?"

"Àwa ni. Ṣebí ẹ̀yin wolé-wolé lẹ ní ká tọ́jú àyíká?"

"A ní kẹ́ ẹ gé e mọ níwọ̀n, kí ejò má baà ríbi sá pamọ́ sí. A ò ní kẹ́ ẹ hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Gbòǹgbò ló ń di ilẹ̀ mú. Ẹsẹ̀ òkè lẹ wà. Bí ilẹ̀ bá wà ní ìhòòhò, omi á kó o lọ."

Ojú ti Bámgbóyè. "Ìfẹ́ ilé-ìwé yìí ni mo fi ṣe é," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mo mọ̀, Ọ̀gá. Ó ṣì ṣe é tún ṣe, bí gbogbo yín bá lè jọ ṣe é."

Bíríkìlà tún ìdí ògiri ṣe, àwọn ọmọ sì ń kàwé lábẹ́ máńgòrò títí ó fi gbẹ. Kíláàsì kọ̀ọ̀kan gba apá kan nínú ọgbà. Àwọn ọmọ kó koríko wá láti ilé, àwọn olùkọ́ gbẹ́ gọ́tà, Bámgbóyè náà kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń gbìn. Agolo mílíìkì ni àwọn kékeré fi ń bomi rin ín. Ewé tí wọ́n bá gbá, wọn kò sun ún mọ́, wọ́n ń kó o jọ kó jẹrà, kó di ajílẹ̀.

Nígbà tí òjò ńlá mìíràn dé, Bámgbóyè mú agbòjò, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà. Omi ń ṣàn lórí koríko, ilẹ̀ kò tẹ̀ lé e. Nínú kíláàsì, àwọn ọmọ ń pariwo a, b, d lé òjò lórí. Ó dúró gbọ́ wọn títí òjò fi dá, ayọ̀ sì gba ọkàn rẹ̀ kan.

Ẹ̀yin olùkọ́, òbí àti akẹ́kọ̀ọ́, ẹ gé koríko, ẹ má hú u. Ẹ má sun ewé. Àtọ̀gá àtọmọ kékeré, ẹ jọ tọ́jú ọgbà yín. Bí ọgbà bá mọ́ roro tí ògiri wá wó lu ọmọ, ta la tún un ṣe fún?